Ẹ̀kọ́ Ìgbà Ọlidé fún Àwọn Ọmọdé Àdúgbò

(Àròkọ Alálàyé)

Àkíyèsí fún akẹ́kọ̀ọ́: Nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, wọ́n lè ní kí o ṣàlàyé bí àwọn ará àdúgbò ṣe lè ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé ní ìgbà ọlidé. Rántí pé àlàyé ni wọ́n ní kí o ṣe. Má ṣe fi gbogbo ìwé rẹ sọ ìtàn bí o ṣe lọ kí ìyá rẹ àgbà ní ọlidé. Sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, ìdí tí a fi ń ṣe é, bí a ṣe ń ṣe é, àti ohun tí ó lè bà á jẹ́. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, kọ ìlapa èrò rẹ sílẹ̀ báyìí:

1. Ìfáàrà: ohun tí ẹ̀kọ́ ìgbà ọlidé jẹ́
2. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀
3. Ìdí tí ó fi yẹ kí àdúgbò ṣe é
4. Ètò: ìgbìmọ̀, ibi ìpàdé, olùkọ́ àti owó
5. Ohun tí a ń kọ́ ọmọ
6. Ààbò
7. Ọmọ tí kò lè wá
8. Ìkádìí

Ka àròkọ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, kí o sì wo bí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀lé ìlapa náà.

ÀRÒKỌ NÁÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́, a máa ń rò pé ojú olùkọ́ ti tó fún ọmọ. Ṣùgbọ́n bí sáà kẹta bá parí ní oṣù keje ọdún, tí a sì ti ilẹ̀kùn kíláàsì, ọmọ yóò wà nílé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ilé ìwé tó tún wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Bàbá ti gba oko tàbí ibi iṣẹ́ lọ. Ìyá ti gba ọjà lọ. Ojú ta ni ó wá kù lára ọmọ? Ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ ìgbà ọlidé ń dáhùn.

Ẹ̀kọ́ ìgbà ọlidé tí mo ń sọ yìí ni ètò tí àwọn ará àdúgbò fi ń kó àwọn ọmọdé jọ ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ àti eré, tí olúkúlùkù ọmọ sì ń padà sílé òbí rẹ̀ ní ọ̀sán. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú lè ṣe é. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ìbílẹ̀ lè ṣe é. Ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí lè ṣe é. Ó yàtọ̀ sí ìpàgọ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sùn sínú àgọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó sì yàtọ̀ sí lẹ́sìn olówó, tí ó jẹ́ pé ọmọ ẹni tí ó bá rówó san nìkan ni ó ń jókòó níbẹ̀.

Irú ètò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó wọ ilé ìwé pọ̀ jọjọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ti dé ilé ìwé gíga a máa padà wálé ní ọlidé gígùn láti kọ́ àwọn àbúrò wọn láìgba kọ́bọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ní irú rẹ̀. Ní ọdún 1876, pásítọ̀ kan tí ń jẹ́ Walter Bion kó àwọn ọmọ aláìní láti ìlú Zürich ní ilẹ̀ Switzerland lọ sí apá òkè ní Appenzell, kí ara wọn lè le. Ní ilẹ̀ England, ìjọba fẹ ètò eré àti oúnjẹ ìgbà ọlidé dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ní ọdún 2021, nítorí wọ́n rí i pé ọmọ tí ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé lè máa fi ebi pa ọlidé. O rí i nígbà náà pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ayé ń bá yí: ilé ìwé lè gba ìsinmi, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ, ọpọlọ rẹ̀ àti ewu ìgboro kò gba ìsinmi.

Ìdí mẹ́ta ni ó mú kí ètò yìí yẹ ní àdúgbò wa. Èkíní ni pé ọmọ tí kò bá fojú kan ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí ó ti kọ́. Ọmọ tí ó ní ìwé nílé, tí àwọn òbí rẹ̀ sì mọ̀wé, lè máa kà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí kò ní ìwé kankan nílé ni ìgbàgbé yìí ń pa lára jù. Ìdí kejì ni ewu. Ìgbà òjò ni ọlidé gígùn bọ́ sí. Bí òjò tilẹ̀ máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, odò ti kún, gọ́tà ti jìn, ọmọ tí kò sì rí iṣẹ́ ṣe yóò wá ibi tí yóò ti lúwẹ̀ẹ́. Ìdí kẹta ni ọjà kíkiri. Nígbà ọlidé ni o máa ń rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó gbé omi tútù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lérí, tí ó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò ní títì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 lòdì sí lílo ọmọdé fún ọjà kíkiri ní òpópónà. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè gbé igbá kúrò lórí ọmọ. Ó yẹ kí ibìkan wà tí ọmọ náà yóò lọ.

Báwo ni a ṣe ń ṣètò rẹ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni kí àdúgbò yan ìgbìmọ̀ kékeré kan. Ènìyàn márùn-ún tó: olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì kan, ìyá kan láti inú ọjà, ọ̀dọ́ kan, àti ẹnì kan tí yóò máa ṣe aṣojú baálẹ̀. Má ṣe rò pé ti ìyá ọjà yẹn kò ṣe pàtàkì. Òun ni ó mọ ọmọ tí ń kiri, òun náà ni àwọn ìyá mìíràn yóò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Lẹ́yìn èyí, ìgbìmọ̀ yóò wá ibi ìpàdé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò ni ó dára jù, nítorí pé ó ní àga, pátákó, pápá àti ilé ìgbẹ́. Kí wọ́n kọ ìwé sí ọ̀gá ilé ìwé náà àti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí ilé ìwé tó parí. Kí wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò tọ́jú kíláàsì bí àwọn ti bá a, kí wọ́n sì mú ìlérí náà ṣẹ.

Jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Bí ọmọ 60 bá fẹ́ wá, a lè pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, kí ọmọ 15 wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn. Olùkọ́ mẹ́rin àti olùrànlọ́wọ́ mẹ́rin yóò tó wọn. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà ní yunifásítì tàbí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí àwọn náà sì wà nílé, lè ṣe iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni kí ó ṣe olórí wọn, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ti owó, kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí yóò ná wọn kí wọ́n tó na igbá ìtọrọ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, jẹ́ ọjọ́ 30. Ẹ̀wà, gààrí, epo, ṣọ́ọ̀kì, ìwé, ọṣẹ àti oògùn ojú egbò ni ìnáwó tí ó wúwo jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò lè fi owó sílẹ̀ lè mú kòńgò ẹ̀wà kan tàbí ìdì igi ìdáná kan wá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni pé kí wọ́n ka ìṣirò owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo àdúgbò ní ìparí ètò. Ibi tí a kò bá ti rí ìṣirò owó lọ́dún yìí, ẹnikẹ́ni kò ní dá nǹkan níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹ̀kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kí ó sì parí ní aago kan ọ̀sán. Lẹ́yìn tí a bá ti pe orúkọ, ìwé kíkà ni kí ó ṣáájú. Àwọn ọmọ kéékèèké lè ka Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, fún àwọn àgbà inú wọn, olùkọ́ lè máa ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1938, ní orí kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ìṣirò ni yóò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí ó má rí bí ti ilé ìwé. Gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀: ojú ọpọ́n 12, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá lè sọ fún ọ pé 48 ni gbogbo rẹ̀, láìkà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ti mọ ìsọdipúpọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oúnjẹ, iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kàn. Ohun tí ó wà ní ìlú ni kí a fi kọ́ wọn. Ní Ìsẹ́yìn, ahunṣọ kan lè wá fi òfì hàn wọ́n. Ní Abẹ́òkúta, aláró lè kọ́ wọn bí a ṣe ń di àdìrẹ. Níbikíbi tí ọ̀pẹ bá wà, arúgbó kan yóò wà tí ó lè kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe ìgbálẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe ìgbálẹ̀ tirẹ̀, kí ó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Eré ni kí a fi kádìí ọjọ́ náà: bọ́ọ̀lù, ìjàkadì, àrín, bojúbojú, tàbí àlọ́ bí òjò bá ń rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mú pàṣán wá. Ọmọ tí a bá nà ní ọlidé kò ní padà wá lọ́la.

Ààbò ni òpó ilé yìí. Kí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ òbí rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé àti oúnjẹ tí kò bá a lára mu. Kí a kọ ẹni tí yóò máa wá mú un sílẹ̀, kí a má sì fi ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí àgbàlagbà méjì wà pẹ̀lú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo. Kí omi mímu jẹ́ èyí tí a sè. Kí àwọn ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Kí a má ṣe kó wọn lọ sí odò, bí ó ti wù kí oòrùn mú tó.

Wàyí o, wo ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí a bá ṣe gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, àwọn ọmọ tí yóò kọ́kọ́ dé ni àwọn tí òbí wọn ń tọ́jú dáadáa. Ọmọ tí ń kiri omi kò ní wá. Àbúrò wà lẹ́yìn ọmọbìnrin kejì, kò lè fi í sílẹ̀. Ọmọ kẹta kò ní bàtà, ojú sì ń tì í. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni a tìtorí wọn dá ètò náà sílẹ̀. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, a kàn ṣe àríyá fún ọmọ ẹni tí ó yó ni.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ dìde lọ bá wọn. Kí ìyá ọjà inú ìgbìmọ̀ lọ kí àwọn ìyá ní ìsọ̀ wọn, kí ó má sì fi èébú bẹ̀rẹ̀. Ìyá tí ó rán ọmọ kiri kò kórìíra ọmọ rẹ̀. Owó oúnjẹ alẹ́ ni ó ń wá. Kí ó bi í pé, “Ìyá wa, wákàtí wo ni ẹ lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa?” Bí ìyá náà bá ní lẹ́yìn aago mẹ́wàá, kí a jẹ́ kí ọmọ náà máa dé ní aago mẹ́wàá, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wí pé ó pẹ́. Bí ó bá gbọ́ pé ọmọ yóò jẹun níbẹ̀, ẹrù kan ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kí a tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ kíláàsì fún àwọn àbúrò tí ẹ̀gbọ́n wọn pọ̀n wá. Kí a sọ ọ́ di òfin pé ẹnikẹ́ni lè wá láìwọ bàtà, kí àwọn olùkọ́ náà sì bọ́ tiwọn nígbà eré. Ohun kéékèèké ni ìwọ̀nyí, wọn kò ná wa ní ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni ilẹ̀kùn tí ọmọ aláìní yóò gbà wọlé.

Ní ìparí, ẹ̀kọ́ ìgbà ọlidé kò béèrè ilé ńlá tàbí owó rẹpẹtẹ. Ó béèrè pé kí àdúgbò gbà pé ọmọ ẹnìkan ni ọmọ gbogbo wa. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ìbáà ṣe pé ilé tirẹ̀ ni a kọ́ tàbí ti aládùúgbò. Bí ọlidé bá tún dé, kí o ka iye ọmọ tí ó wà ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà, kí o jáde lọ sí títì, kí o ka iye tí ó gbé igbá lérí. Iye tí ó wà ní títì ni iṣẹ́ tí ó kù fún wa.

Ìdánrawò: Lo ìlapa èrò bí irú èyí tí ó wà lókè láti kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:
(a) Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe lè ran ìlú wọn lọ́wọ́ ní ìgbà ọlidé.
(b) Ewu tí ó wà nínú kí ọmọdé máa kiri ọjà, àti ọ̀nà tí a lè gbà dẹ́kun rẹ̀.