Yíyan Kọnsatínà Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tí Ń Kọ́ Orin

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi kan tí ń gbé ọ̀dọ̀ wa ní Ìpàjà fi owó tí ó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ ra kọnsatínà àlòkù kan. Ara rẹ̀ ń dán yanran. Oṣù méjì ni ọmọ náà fi tiraka. Lẹ́yìn náà ó tì í sí abẹ́ ibùsùn, ó ní orí òun kò gba orin. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé ẹwìrì rẹ̀ ń jò níbi mẹ́ta. Ohun èlò ni ó ní àbùkù, ọmọ kò ní àbùkù kankan. Nítorí irú èyí ni mo ṣe mú gègé lónìí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ṣi kọnsatínà mú fún akọ́díọ́nù, irú èyí tí olóògbé I. K. Dàírò, ẹni tí a fi oyè M.B.E. dá lọ́lá ní 1963, fi ń kọ orin jùjú. Akọ́díọ́nù ni a ń fi okùn kọ́ èjìká. Kọnsatínà kéré, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni a fi ń dì í mú.

Irú méjì ni ó wọ́pọ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì, tí Charles Wheatstone ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe, ohùn kan náà ni bọ́tìnnì rẹ̀ ń mú wá, ìbáà ṣe pé a fà á tàbí a tì í. Èkejì ni Anglo, tí ó ti ara iṣẹ́ tí Carl Uhlig ará Chemnitz ní Jámánì ṣe ní 1834 jáde. Bí a bá ti Anglo, a ó gbọ́ do, mi, so. Bí a bá fà á, re, fa, la, ti. Ẹni tí ó mọ sol-fa, tí ó sì fẹ́ máa fi gbe orin nínú ilé, Anglo ni yóò tètè mọ́ ọn lọ́wọ́.

Anglo oníbọ́tìnnì 20 sábà máa ń wà ní kíì C àti G nìkan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá dùrù ìjọ rìn nínú orin kíì B-flat tàbí E-flat, oníbọ́tìnnì 30 ni ó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n 20 tí ara rẹ̀ le sàn ju 30 tí ń jò lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ẹ jẹ́ kí èkejì rọ̀ sísàlẹ̀, láìtẹ bọ́tìnnì kankan. Bí ẹwìrì bá ya wálẹ̀ kíákíá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní fífà àti ní títì: 20 ní ohùn 40 láti gbọ́. Èyí tí ó bá yadi, tí ń hanu, tàbí tí kò tètè padà sókè, àtúnṣe ni yóò béèrè, owó sì ni àtúnṣe.

Bí ẹ bá rà á tán, ẹ máa dá a padà sínú àpótí rẹ̀. Ọ̀rinrin a máa mú kí ahọ́n irin inú rẹ̀ dípẹtà. Oòrùn a sì máa tú àtè rẹ̀.

Ọmọ tí mo wí yìí ti ní òmíràn, oníbọ́tìnnì 20, tí kò dán rárá. Ní àdúrà alẹ́ wa nísisìyí, òun ni ó ń gbé orin fún wa.