Ṣé inú ọ̀gànwó ni "mahogany" ti jáde?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tẹ́lẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé kí n bá òun yọ̀: "mahogany" tí gbogbo ayé ń pè, èdè Yorùbá ni wọ́n ti mú un. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Frank Bruce Lamb, onímọ̀ igbó ará Amẹ́ríkà, ló gbé èrò náà jáde ní àwọn ọdún 1960. Ó ní àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ọ̀dọ̀ wa dé Jàmáíkà rí igi tó jọ ọ̀gànwó, wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní tó bá ti pọ̀, "m'ọ̀gànwó" ni Yorùbá ń pè é, ibẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ.

Ká má purọ́, ní ti igi, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dára. Ọ̀gànwó wa, tó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Khaya, àti Swietenia ti Amẹ́ríkà, ẹbí kan náà ni wọ́n. Pákó àwọn méjèèjì ló pupa.

Gírámà ló bà á jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi, ẹ dá mi lóhùn: níbo la ti ń fi "m" síwájú ọ̀rọ̀ kó lè di púpọ̀? "Àwọn" là ń lò, tàbí ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í lọ sígbó lọ gé "m'ìrókò"!

Àkókò náà kò tún bá a mu. Ọdún 1671 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé tí John Ogilby ṣe nípa Amẹ́ríkà, ọdún 16 péré lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Jàmáíkà lọ́wọ́ Sípéènì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó kó wọn. N kò ní kò sí Yorùbá kankan níbẹ̀ nígbà náà o. Mo ní ẹ̀rí kò tó.

Èyí tó jẹ́ tiwa gan-an ńkọ́? Ìrókò kò ní àríyànjiyàn: bó ṣe jáde lẹ́nu wa ni àwọn oníṣòwò pákó ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń pè é. Afàrà náà wọlé. Arère ni kò ríbi wọlé; obeche, orúkọ tí àwọn Ẹ̀dó ń pè é, ni ọjà gbà, tó bá sì jẹ́ ti Gánà, wọ́n á ní wawa.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ níbí gan-an, a kì í wò ó. Ẹ wo agbégilódò, lọ́rì tó ń ru gẹdú. Ọmọ-ọmọ mi rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni! Ẹ tú u wò: a, gbé, igi, ní, odò. Ẹni tó ń gbé igi lódò. Omi ni ọ̀nà gẹdú láyé àtijọ́. Wọ́n á so ìtì igi pọ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á jẹ́ kó léfòó lórí ọ̀sà títí dé Oko Baba ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà, níbi tí ayùn ti ń sọ ọ́ di pákó. Lọ́rì tó ń ti Oǹdó bọ̀ wá sí Ìbàdàn lónìí, orí afárá nìkan ló ti ń rí odò, síbẹ̀ agbégilódò náà là ń pè é.