Igún Orí Àpáta

Bí a bá dárúkọ igún, èyí tí ń ṣà jẹ ní odò ẹran àti ààtàn ni í sọ sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan tí ó tóbi jù ú lọ, tí í tẹ́ ìtẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta gíga, láti Mali títí dé Kẹ́ńyà. Igún Rüppell ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Kò sí ẹyẹ tí a mọ̀ pé ó tí ì fò ga tó o: ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1973, ọkọ̀ òfuurufú kọlu ọ̀kan lókè Abidjan, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 37,000.

Síbẹ̀, ìbísí rẹ̀ kò yá. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo ń yé lẹ́ẹ̀kan. Takọtabo a sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 55, wọn a sì bọ́ ọmọ náà fún nǹkan bí oṣù 5 kí ó tó fò.

Àwọn darandaran a máa fi májèlé sí òkú ẹran nítorí kìnnìún. Àwọn tí ń pa erin ní ìkọ̀kọ̀ a fi í sí òkú erin, kí igún má baà rà bàbà lókè kí ó tú àṣírí wọn. Ní ọjà tiwa pẹ̀lú, a ń ta orí igún fún oògùn. Láti ọdún 2015 ni a ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó wà ní bèbè ìparun.

Àwọn àgbà fi pípa igún ṣe èèwọ̀. Ẹni tí ó bá ka ẹyin inú ìtẹ́ rẹ̀ yóò mọ̀ pé èèwọ̀ náà bọ́gbọ́n mu.