Kí Ló Dé Tí Ọmọ Ń Sùn Nínú Kíláàsì?

Àwọn àgbà wa ní, ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àgbà, ó sì kan ọmọ ilé-ìwé. Olùkọ́ lè mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìwé àti bírò lè pé. Bí ọmọ bá wọ kíláàsì pẹ̀lú ebi, àìsàn tàbí àárẹ̀, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kò ní wọ inú rẹ̀.

Bí olùkọ́ bá ránṣẹ́ sí wa pé ọmọ wa ń sùn nínú kíláàsì, ohun tí a máa ń sọ ni pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé orí rẹ̀ kò gba ìwé. Àwọn mìíràn a mú pàṣán. Ṣùgbọ́n pàṣán kì í lé ebi lọ, kì í sì í lé aràn jáde. Kí a tó bá ọmọ wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí náà wà nínú ilé, ìyá àti bàbá sì lè ṣe nǹkan sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ mú owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní ọdún 2006, ti Tógò sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2008. Síbẹ̀, a ṣì ń ra ìwé, bírò, aṣọ àti bàtà. Bí ọmọ bá tún kíláàsì kan ṣe, owó ọdún kan ti lọ. Ọmọ tí ó bá tún kíláàsì ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ìtìjú a máa mú un, a sì fi ilé-ìwé sílẹ̀.

ỌJỌ́ ÌYÁ ỌLỌ́MỌ ILÉ-ÌWÉ

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tí ó ní ọmọ mẹ́ta ní ilé-ìwé. Ọ̀kan wà ní CI, ọ̀kan ní CE1, ọ̀kan ní CM1. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ìyá yìí ti jí. Yóò gbálẹ̀, yóò wá omi, yóò dá iná, yóò wẹ ọmọ tí ó kéré jù, yóò wá bàtà tí ẹnì kan jù sí abẹ́ ibùsùn. Ní ilẹ̀ Kétu, omi jìn nínú ilẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń pẹ́ níbi omi. Kí aago 7 tó lù, iná kò tíì ràn dáadáa. Aago 8 ni kíláàsì sì ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ a gbé àpò wọn, wọ́n a lọ láìjẹun.

Ìyá yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ló pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí kò fẹ́ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ fi hàn bí a ṣe lè tún iṣẹ́ náà tò, kí ọmọ lè rí ohun mẹ́ta gbà kí ó tó jáde nílé: oúnjẹ, ìlera àti oorun.

ÌDÍ KÌÍNÍ: EBI

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí ọmọ bá jẹun alẹ́ ní aago 7, tí kò sì jẹ nǹkan mìíràn títí di aago 12 ọ̀sán, wákàtí 17 ni ó lò láìjẹun. Àgbàlagbà tí ó bá lọ sí oko láìjẹun mọ bí ara ṣe ń rí. Ti ọmọ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ kéré, agbára tí ó wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Inú oúnjẹ ni ọpọlọ ti ń rí agbára tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Bí agbára yìí bá dínkù, orí a máa fọ́ ọmọ, ojú rẹ̀ a máa ṣú, kò ní lè fi ọkàn sí ohun tí olùkọ́ ń sọ.

Kí ni ìyá lè ṣe?

1. Kí oúnjẹ òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́. Bí ẹ bá ń se ẹ̀wà tàbí iṣu ní alẹ́, ẹ fi ti òwúrọ̀ kún un. Ẹ bò ó dáadáa, kí eṣinṣin àti aáyán má baà dé ibẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ gbé e kaná títí yóò fi gbóná dénú. Bí ó bá ti kan tàbí tí ó ń yọ̀, ẹ dà á nù. Ẹ̀kọ tí a pọ́n sínú ewé dára, nítorí kò nílò iná ní òwúrọ̀. Ẹ fi àkàrà tàbí ẹ̀wà tì í.

2. Kí ògì má ṣe dá wà. Ògì lásán ń kún inú, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ebi yóò tún fi dé. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀, sójà tàbí wàrà kún un. Ní ilẹ̀ Kétu a ní ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Ní ilẹ̀ Sábẹ̀ a ní iṣu àti sójà, a sì lè ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Ní Àjàṣẹ́, ẹja wà nínú ọ̀sà. Kò dìgbà tí a bá ra wàrà inú agolo.

3. Bí ẹ bá fún ọmọ ní owó, ẹ sọ ohun tí yóò rà. Owó tí ó máa fi ra súìtì àti omi aláwọ̀ lè ra àkàrà àti ẹ̀kọ. Ẹ ní kí ó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bo oúnjẹ rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe ìyẹ̀fun ògì tí ó lágbára

Ẹ wọn agolo àgbàdo 3 àti agolo sójà 1. Ẹ ṣà wọ́n dáadáa. Ẹ yan sójà náà títí yóò fi pọ́n tí òórùn rẹ̀ yóò fi dára. Sójà tí iná kò ràn dáadáa a máa da inú rú. Ẹ yan àgbàdo náà díẹ̀. Ẹ kó méjèèjì pọ̀, kí ẹ lọ̀ wọ́n ní ẹ̀rọ. Ẹ dà á sínú agolo gbígbẹ tí ó ní ìdérí. Ní òwúrọ̀, ẹ fi omi tútù po díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ dà á sínú omi híhó, ẹ máa rò ó. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 15.

Ìkìlọ̀: Ẹ̀pà, àgbàdo tàbí sójà tí ó bu, ẹ má ṣe lò ó. Ìbu yẹn ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa á tán.

Oṣù tí ó le jù ni ìgbà tí àgbàdo ọdún tó kọjá ti tán, tí tuntun kò tíì gbó. Nígbà ìkórè, kí ọkọ àti ìyàwó jọ wọn ìwọ̀n àgbàdo àti ẹ̀wà kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní tà á.

ÌDÍ KEJÌ: ARÀN ÀTI IBÀ

Nígbà mìíràn, ọmọ ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ fa abẹ́ ojú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ó bá funfun, tí kò pọ́n, ẹ̀jẹ̀ kò tó nìyẹn. Ọmọ tí ó ń jẹ amọ̀ tàbí tí ó ń mí gulegule bí ó bá sáré díẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Aràn kan wà tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹyin rẹ̀ wà nínú ìgbẹ́. Bí a bá yàgbẹ́ sí ẹ̀yìn ilé tàbí sí inú igbó, ẹyin náà a pa nínú ilẹ̀ tútù. Ọmọ aràn yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Ó ń gba awọ ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà wọlé, ó sì ń lọ so mọ́ ìfun. Aràn mìíràn, èyí tí ó gùn bí ekòló, ẹnu ni ó ń gbà wọlé. Ọwọ́ tí a kò fọ̀ àti èso tí a kò fọ̀ ni ó ń gbé e wá. Òun náà ń bá ọmọ jẹ nínú oúnjẹ tí ìyá ti ṣe wàhálà láti sè.

Oògùn aràn wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 14 lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lọ́pọ̀ ìgbà ní ilé-ìwé. Hóró kan ṣoṣo ni, bí àpẹẹrẹ albendazole 400 mg. Ẹ má ṣe pa ọmọ mọ́ sílé ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n oògùn ń lé èyí tí ó wà nínú lọ ni; kò ní kí òmíràn má wọlé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a lo ṣáláńgá, kí ọmọ wọ bàtà, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun àti lẹ́yìn ìgbẹ́. Bí ọṣẹ kò bá sí, eérú dára.

Ibà náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀. Lọ́pọ̀ ilé, ọmọ ọwọ́ ni ó ń sùn pẹ̀lú ìyá nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sùn lórí ẹní láìní àwọ̀n. A rò pé wọ́n ti dàgbà. Òótọ́ ni pé ibà kì í sábà pa ọmọ ọdún 8 bí ó ti ń pa ọmọ ọdún 2. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilé-ìwé láìjẹ́ pé ara rẹ̀ gbóná, kí ó máa dín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà sùn nínú àwọ̀n.

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn ọjọ́ 3, kí ó lò ó fún ọjọ́ 3 pé, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ yá ní ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe ra oògùn tí wọ́n ń tà nínú agbọ̀n ní ọjà. Bí gìrì bá mú ọmọ, tí kò lè mu omi, tí ó ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, tàbí tí kò jí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Láti mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ fún ọmọ ní ẹ̀wà, ẹja, ẹran tàbí ẹ̀dọ̀ bí ó bá wà, àti ewé bíi tẹ̀tẹ̀ àti gbọ̀rọ̀. Kí ó jẹ ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí máńgòrò tẹ̀lé e. Èso wọ̀nyí ń ran ara lọ́wọ́ láti rí oore inú ẹ̀wà àti ewé gbà.

ÌDÍ KẸTA: IṢẸ́ PÚPỌ̀, OORUN DÍẸ̀

Ó dára kí ọmọ ṣiṣẹ́ nílé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tọ́ àwa náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ní ìwọ̀n. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 ó kéré tán. Bí yóò bá jí ní aago 6, ó yẹ kí ó ti sùn kí aago 9 alẹ́ tó lù.

Ọmọbìnrin ni ìyà yìí máa ń jẹ jù. Yóò pọn omi, yóò fọ abọ́, yóò kiri ọjà, yóò gbé àbúrò pọ̀n, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù. Omi kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ẹ pín iṣẹ́ náà. Kí ọ̀kan pọn omi ní ìrọ̀lẹ́ dípò òwúrọ̀. Kí òmíràn fọ abọ́ kí ó tó sùn. Kí kálukú to àpò àti bàtà rẹ̀ sí ojú kan ní alẹ́. Bí ẹ bá ṣe èyí, òwúrọ̀ yóò fúyẹ́, ìyá yóò sì rí àyè gbé ìkòkò kaná.

Ọmọ tí a gbà tọ́ lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Òun náà ń jókòó nínú kíláàsì. Ebi tí ń pa ọmọ ẹni ni ó ń pa á. Kí oorun rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ bá tiwọn dọ́gba.

BÀBÁ ÀTI OLÙKỌ́

Ìyá nìkan kọ́ ni ó bí ọmọ. Bàbá lè ra bàtà àti àwọ̀n, ó lè gbẹ́ ṣáláńgá, ó lè gé igi ìdáná sílẹ̀. Ó sì lè mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ lọ rí olùkọ́. Ẹ bi í pé, ìgbà wo ni ọmọ ń sùn? Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀, ẹ ro ti oúnjẹ àti oorun alẹ́. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ìgbà, ẹ ro ti ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ kì í bá dáhùn, tàbí tí ó ń fún ojú kí ó tó rí pátákó, ó lè jẹ́ etí tàbí ojú ni ó ń dà á láàmú. Kí olùkọ́ mú un jókòó síwájú, kí ẹ sì mú un lọ fún àyẹ̀wò.

Ní Bẹ̀nẹ̀, láti ọdún 2017, ìjọba àti PAM ti ń mú ètò oúnjẹ ilé-ìwé gbòòrò. Bí ó bá wà ní ilé-ìwé yín, ẹ bá wọn kó igi, omi àti ewé wá. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni oúnjẹ yẹn. Kò gba ipò ti òwúrọ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ lo ohun tí ẹ kọ́. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i. Ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ó lo oògùn aràn, ọjọ́ tí ibà mú un, àti ọjọ́ tí kò lọ sí ilé-ìwé. Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ fi hàn wọ́n. Yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ń ṣe ọmọ.

Ẹ RÁNTÍ

Ọmọ tí ó ń sùn nínú kíláàsì, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó mú pàṣán.
Ẹ fi oúnjẹ òwúrọ̀ sílẹ̀ láti alẹ́.
Oògùn aràn, bàtà, ṣáláńgá àti ọṣẹ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni.
Ọmọ ilé-ìwé náà nílò àwọ̀n ẹ̀fọn.
Ọkùnrin àti obìnrin, kí gbogbo ọmọ jọ pín iṣẹ́ ilé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni àwọn ọmọ yín jẹ ní òwúrọ̀ yìí kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé?
2. Oúnjẹ wo ní àdúgbò yín ni a lè fi kún ògì láìná owó púpọ̀?
3. Iṣẹ́ òwúrọ̀ wo ni a lè ṣe ní ìrọ̀lẹ́ nínú ilé yín? Ta ni yóò ṣe é?
4. Ìgbà wo ni àwọn ọmọ yín lo oògùn aràn kẹ́yìn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.