Nígbà Tí Ọkọ̀ Owó Kò Bá Dé: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Báńkì Múra De Ọ̀wọ́n Owó Bébà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn fún aláṣọ kan ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn Mẹ́sí Ọ̀gọ̀, pé ìgbà kan ń bọ̀ tí owó rẹ̀ yóò pé pérépéré nínú ìwé báńkì, tí kò ní jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, tí báńkì náà kò sì ní kógbá wọlé, síbẹ̀ tí kò ní rí 200 náírà tí yóò fi wọ ọkọ̀ délé, àlá ọ̀sán gangan ni ìbá pe ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní oṣù Ṣẹrẹ àti oṣù Èrèlè ọdún 2023, ohun tí ojú wa kò rí rí dé bá wa, olówó di alágbe lẹ́nu ọ̀nà ibi tí ó kó owó rẹ̀ pamọ́ sí, àwọn àgbàlagbà tí ó yẹ kí wọ́n wà lórí ibùsùn sì ń tò níwájú ẹ̀rọ ATM láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí bí ọ̀ràn náà ti rìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022 ni Ọ̀gbẹ́ni Godwin Emefiele, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé wọn yóò pààrọ̀ àwọ̀ owó bébà 200, 500 àti 1,000 náírà, ó sì sọ pé nínú nǹkan bí tírílíọ̀nù 3.23 náírà tí ó wà káàkiri orílẹ̀-èdè, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí nínú àpótí báńkì kankan, pé ọwọ́ àwọn ará ìlú ni ó wà. Owó tuntun jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀pẹ̀. Wọ́n ní ti àtijọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹrẹ ọdún 2023, nígbà tí ó sì yá, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Èrèlè. Àwọn ènìyàn kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì bí a ti pa á láṣẹ, ṣùgbọ́n ti tuntun tí ó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí oṣù Èrèlè yóò fi parí, gbogbo owó bébà tí ó wà níta kò tó tírílíọ̀nù kan mọ́. Tòmátò ń jẹrà mọ́ ọlọ́jà lọ́wọ́ nítorí pé ẹni tí ebi ń pa kò rí owó fi rà á. Àwọn oní-POS, tí ó ń san owó bébà fún ènìyàn ní àdúgbò, ń gba 200 tàbí 300 náírà lórí 1,000 ní ibòmíràn. Ní Abẹ́òkúta, ìlú Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, àti ní Ṣágámù, inú bí àwọn ènìyàn dé ibi pé wọ́n kọlu ilé báńkì. Ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà, tí Báńkì Àpapọ̀ sì fara mọ́ ọn ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí tu mùtúmùwà díẹ̀díẹ̀.

Bí a bá bi àwọn ọ̀gá báńkì léèrè, wọn a ní ẹjọ́ àwọn kọ́, nítorí Báńkì Àpapọ̀ nìkan ni òfin fún ní àṣẹ láti gbé owó jáde, àti pé ohun tí a bá fi fún ni ni a ń pín. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì ní bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n owó bébà kò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, kò sì parí síbẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ kónílé-ó-gbélé oníwákàtí 24, àwọn báńkì ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ owó kò sì rí ọ̀nà gbà. Ní ìparí ọdún 2024, nígbà tí kò sí ẹni tí ó pààrọ̀ àwọ̀ owó kankan, ẹ̀rọ ATM tún gbẹ ní àkókò Kérésìmesì, dé ibi pé Báńkì Àpapọ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 150 náírà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan báńkì mẹ́sàn-án. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ohun tí ó ti kan ilẹ̀kùn wa lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún márùn-ún kò yẹ kí ó tún máa bá ẹnikẹ́ni lójijì.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ báńkì rí, ó yẹ kí ó mọ ìrìn tí owó ń rìn kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Láti ilé-iṣẹ́ tí ó ń tẹ owó, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1963, ni bébà náà ti ń lọ sí àwọn ẹ̀ka Báńkì Àpapọ̀ ní àwọn olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn báńkì ti ń lọ gba tiwọn, tí ọkọ̀ onírin tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ yóò gbé e lọ sí ibùdó owó wọn, kí wọ́n tó pín in fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí akáṣíà tó kà á, kí wọ́n sì tó kó o sínú àwọn àpótí kéékèèké tí ó wà nínú ẹ̀rọ ATM. Bí ibi kan bá já nínú okùn gígùn yìí, ẹni tí ó tò síta nínú oòrùn ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀ka tí ó ń kó owó rẹpẹtẹ sínú ilé, nítorí bébà tí ó jókòó kò ní èlé, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní iye tí kò lè dúró fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn adigunjalè sì wà. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ffà, ìlú ọmọ Ọlálọ̀mí, ní ọjọ́ 5 oṣù Igbe ọdún 2018, nígbà tí àwọn ọlọ́ṣà wọ báńkì bíi márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀mí tí ó lé ní 30 sì bọ́, kò ní bá ọ̀gá ẹ̀ka jà pé kò kó owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pamọ́. Ìmúra tí mo ń wí kì í ṣe kíkó owó jọ gègèrè.

Ohun tí ó dá mi lójú, tí mo sì ń bẹ àwọn tí ó ń ṣàkóso báńkì pé kí wọ́n fi ọkàn sí, ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí yóò gba báńkì là ní ọjọ́ ìṣòro kò sí ní Báńkì Àpapọ̀ ní Abuja. Ọwọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ gan-an ni ó wà. Lójoojúmọ́ ni àwọn ilé epo, àwọn alápatà Bódìjà, àwọn awakọ̀ inú gáréèjì, àti alájọ tí ó ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, ń gba owó bébà. Bí wọ́n bá kó o wá sí báńkì ní ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn yóò gbà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé ọkọ̀ kankan ti ibì kankan wá. Ní oṣù Èrèlè ọdún 2023, ọ̀nà ìpadàbọ̀ yìí ni ó dí. Ta ni yóò kó owó lọ síbi tí kò ti ní rí i gbà mọ́? Oní-ilé-epo rí i pé oní-POS ṣetán láti fi èlé ra owó lọ́wọ́ òun, ó sì tà á. Ìyá aláta so tirẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ, nítorí kò mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Wọn kò ṣe ibi. Ọkàn wọn ni kò balẹ̀.

Ìgbà tí ìlú bá tòrò ni a ń tún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe. Kí báńkì bá àwọn tí ó ń gba owó bébà púpọ̀ dá májẹ̀mú: pé òun yóò rán ọkọ̀ àti akáṣíà lọ bá wọn ní ìsọ̀ wọn, pé òun kò ní dá wọn dúró láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kí òun tó gba owó lọ́wọ́ wọn, àti pé bí ọ̀wọ́n bá dé, ìwọ̀n kan nínú ohun tí wọ́n kó wá lánàá ni wọn yóò rí gbà lónìí láti fi lọ ra ọjà. Àwọn alájọ wa ti mọ èyí kí báńkì tó dé ilẹ̀ yìí: ẹni tí kò bá kó owó ènìyàn jáde nígbà tí oṣù pé, kò ní rí ẹni tí yóò dá àjọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ní àdúgbò náà. Bí báńkì bá sì mú ìlérí irú èyí ṣẹ nínú ìṣòro kékeré kan, ọjà a gbọ́, ìròyìn rẹ̀ a sì dé àwọn ìlú tí ó yí i ká.

Lẹ́yìn èyí ni mímọ ìgbà. Ọ̀dọ́ tí ó jókòó ní olú-ilé-iṣẹ́ báńkì ní Èkó tí ó ń pín owó fún ẹ̀ka méjìlélọ́gbọ̀n, tí kò mọ ọjọ́ tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń ná ọjà ọrọọrún rẹ̀, kò lè pín in dáadáa, bí ó tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé láti oṣù Ọ̀wàrà lọ ni àwọn tí ó ń ra kòkó ní Oǹdó àti ní Ilé-Olújì ń wá owó bébà lójú méjèèjì, nítorí àgbẹ̀ tí ó wà ní ahéré kì í gba tíráńsífà. Pé ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, ẹni tí yóò ra àgbò fẹ́ owó lọ́wọ́, àti pé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, tí àwọn ọmọ ìlú yóò ti gbogbo ayé wọlé, tí wọn yóò sì ná owó. Ó yẹ kí ó mọ ọ̀sẹ̀ owó oṣù àti ọ̀sẹ̀ tí iléèwé ń wọlé. Kí ó sì mọ irú owó tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń ná, nítorí ẹ̀ka tí a kó 1,000 náírà nìkan fún ní ìlú tí ewébẹ̀ 200 náírà ni ó ń tà jù, ọ̀wọ́n ṣẹ́ńjì ni a kó fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó dàgbà sí ìlú náà ti mọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ó kù kí olú-ilé-iṣẹ́ bi wọ́n.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Báńkì tí ó ní ilé-iṣẹ́ akówó kan ṣoṣo, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba òpópónà kan ṣoṣo, yóò jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ tí afárá bá já, tí epo bá wọ́n, tàbí tí ìjọba bá pàṣẹ kónílé-ó-gbélé. Kí ó ní ibùdó owó kejì ní ìlú mìíràn. Kí ó ti gba ìwé àṣẹ ìrìnnà fún ọkọ̀ owó lọ́dọ̀ ìjọba kí wàhálà tó dé. Kí àwọn báńkì tí ó wà lójú ọ̀nà kan náà sì fọwọ́ sí ìwé láàárín ara wọn, pé báńkì tí owó bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà yóò gbé e fún èyí tí ó ń wá a, kí wọ́n sì ṣírò rẹ̀ lórí ìwé lọ́jọ́ kejì. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ìdíje kò sì ní kí aládùúgbò méjì má yá ara wọn ní owó.

Ẹnìkan lè ní tíráńsífà ti tó dípò owó bébà. Tíráńsífà ń ṣe gudugudu méje, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Èrèlè ọdún 2023 náà ni tíráńsífà ń dákú lẹ́nu iṣẹ́ nítorí èrò pọ̀ lórí rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já ní etí òkun Côte d'Ivoire, wàhálà rẹ̀ sì dé àwọn báńkì wa. Kí owó bébà àti tíráńsífà máa ti ara wọn lẹ́yìn.

Bí gbogbo ìmúra bá sì ti pé tí owó kò tó síbẹ̀, ọ̀nà tí a gbà pín ìwọ̀nba tí ó wà ni yóò sọ bóyá ìlú yóò fara dà á. Ní ọdún 2023, ohun tí ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn ju ọ̀wọ́n náà lọ ni pé wọ́n gbà pé àwọn kan ń rí owó gbà lẹ́yìnkùlé. Àjọ ICPC tí ó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu tilẹ̀ mú òṣìṣẹ́ báńkì kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé wọ́n kó owó sínú ẹ̀rọ ATM láìbọ́ ọ̀já ara rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà lè pọ̀ ọ́. Ó yẹ kí báńkì ti kọ ìlànà ìpín sílẹ̀ nígbà tí inú ẹnikẹ́ni kò tíì bàjẹ́: kí owó kékeré dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn dípò kí owó ńlá dé ọwọ́ díẹ̀, kí a ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, àwọn aláboyún àti ẹni tí ó ní aláìsàn ní ọsibítù, kí ọ̀gá báńkì àti ìbátan rẹ̀ sì tò bí gbogbo ènìyàn. Kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún àwọn oníbàárà kí wọ́n tó kúrò nílé pé ẹ̀ka yìí ní owó, ẹ̀ka tọ̀hún kò ní, iye báyìí ni ẹnì kan yóò gbà. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ òtítọ́ fún ní òwúrọ̀ a jókòó sílé rẹ̀, ẹni tí a parọ́ fún di ọ̀sán ni ó ń sọ òkò.

Kò sí èyí tí a lè fi sí orí ìwé lásán nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Kí báńkì yan ọjọ́ kan lọ́dún, ọjọ́ tí kò sí ọdún, tí kì í ṣe ọ̀sẹ̀ owó oṣù, kí olú-ilé-iṣẹ́ tẹ ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin láago láìsọ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ owó kò ní wá lónìí àti lọ́la, kí wọ́n sì wo ohun tí ọ̀gá ẹ̀ka yóò ṣe: ta ni yóò kọ́kọ́ pè nínú àwọn oníbàárà tí ó ń kó owó wá, báńkì wo ní òpópónà yẹn ni yóò yá a, kí ni akáṣíà yóò sọ fún ẹni tí ó bá béèrè 50,000 náírà, díísù tí ó wà nínú jẹnẹrétọ̀ tó ọjọ́ mélòó. Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an, kí ìgbìmọ̀ olùdarí sì kà á nígbà tí àyè ṣì wà láti tún un ṣe kí oṣù Ọ̀pẹ̀ tó wọlé.