Ṣé O Mọ̀? Ìtìjú Kì Í Wo Àrùn

Láti Magboro dé Ibafo, àwọn ọkùnrin wà láàárín wa tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin. Àwọn mìíràn nínú wọn níyàwó nílé. Wọ́n ń bá wa du ọkọ̀ Berger láàárọ̀, wọ́n ń bá wa jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Èébú tí wọ́n ń gbọ́ láti kékeré ti wọ̀ wọ́n lára débi pé àwọn fúnra wọn ló ń bú ara wọn nínú ọkàn. Ìlera wọn ni mo fẹ́ sọ.

Ṣé o mọ̀ pé àtọ̀sí lè wà lọ́nà ọ̀fun tàbí ní ihò ìdí, kí ẹni tó ní in má mọ̀ rárá? Kò ní dùn ún, ọyún kò ní jáde. Bó bá jẹ́ ìtọ̀ nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò, èsì lè sọ pé ara rẹ̀ dá ṣáká. Bí ìtìjú kò bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀, dókítà kò ní mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ṣé o mọ̀ bí kòkòrò HIV ṣe ń jà láàárín wọn tó? Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, nǹkan bí 14 ló ní in. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ wò ní àwọn ìpínlẹ̀ kan lọ́dún 2020, nínú mẹ́rin, ẹnì kan ní in. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò kan òun: àrùn tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ìbẹ̀rù náà ń sé ọ̀nà ilé-ìwòsàn? Òfin ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 dẹ́rù ba ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin níyàwó. Kò sọ pé kí aláìsàn má gba ìtọ́jú. Síbẹ̀, ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet HIV lọ́dún 2015 rí i ní Abuja pé lẹ́yìn òfin náà, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí tí ẹ̀rù ń bà láti lọ gba ìtọ́jú pọ̀ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 2014 kan náà ni wọ́n ṣe òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìyà jẹ ẹni tó ní HIV níbi iṣẹ́ tàbí níbòmíràn?

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń lo oògùn HIV rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà lẹ́jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn? Ìwádìí PARTNER2, tó jáde lọ́dún 2019, tẹ̀lé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ 782 àti ẹnìkejì wọn tí kò ní HIV ní Yúróòpù. Wọ́n bá ara wọn lò láìlo kọ́ńdọ̀mù ju ìgbà 76,000 lọ. Ẹni tó kó o lára ẹnìkejì rẹ̀ kò sí, kò tó ẹyọ kan.

Ṣé o mọ̀ pé bí ewu bá ti ṣẹlẹ̀, oògùn wà tó lè dá HIV dúró? Kó tó pé wákàtí 72 ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kó sì lò ó fún ọjọ́ 28. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta bá ìtìjú jà ti pẹ́ jù.

Ṣé o mọ̀ pé láti inú ìdílé Ransome-Kuti, ará Ẹ̀gbá, ni ẹnì kan ti fi hàn wá bí a ṣe ń já okùn ìtìjú? Fẹlá olórin kú ní 2 August 1997. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó sì sọ pé éèdì, àrùn tí HIV ń fà, ló pa àbúrò òun. Kò bò ó, kò sì kọ àbúrò rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá yọ́ wá bá ọ lálẹ́, tó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ń ṣe mí,” má ṣe kọ́kọ́ bi í pé ta ló bá sùn. Bi í pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ jọ wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn.