Galumph: Ìrìn Tó Bọ́ Mọ́ Ẹni Tó Dá A Lọ́wọ́

Yorùbá kì í sọ pé ẹnìkan ń rìn kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Bó ṣe ń rìn ín ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ọ̀mùtí ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, olówó ń yan fanda, pẹ́pẹ́yẹ ń rìn bàdàbàdà. Ohùn ọ̀rọ̀ náà ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́. Ohun kékeré tó rí roboto ni à ń pè ní róbótó. Kí a tó pè é ní ròbòtò, ó ti tóbi nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa ní iléèwé pé ohùn ìsàlẹ̀ ló yẹ ohun ńlá. Etí ló ń dájọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní etí, àmọ́ inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n máa ń kó ìró àti ìrìn pọ̀ sí. Waddle ni ti pẹ́pẹ́yẹ, stagger ni ti ọ̀mùtí. Ọ̀kan wà nínú wọn tí a mọ ẹni tó dá a, tí a mọ ìwé tó ti jáde: galumph. Lónìí, ẹni tó bá ń galumph ni ẹni tó ń fi ara ńlá sáré láìrọra gbẹ́sẹ̀, tí ilẹ̀ ń dún lábẹ́ rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì sábà máa ń dùn.

Olùkọ́ ìṣirò ni ẹni tó dá a. Charles Lutwidge Dodgson ni orúkọ rẹ̀ ní Christ Church, Oxford. Lewis Carroll ni àwọn ọmọdé mọ̀ ọ́n sí. Ní ìparí 1871 ni ìwé kejì rẹ̀ nípa ọmọdébìnrin tó ń jẹ́ Alice jáde, Through the Looking-Glass. Ewì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní òdì, àfi ìgbà tí Alice gbé e sí iwájú dígí ló tó rí i kà. Jabberwocky ni ewì náà. Ọmọkùnrin kan gbé idà, ó pa abàmì ẹranko, ó bẹ́ ẹ lórí, ó sì gbé orí náà bọ̀ wá sílé fún bàbá rẹ̀. Bó ṣe rìn bọ̀ yẹn ni Carroll fi galumph sọ.

Nínú ìwé kan náà, ẹyin kan tó ń sọ̀rọ̀, Humpty Dumpty, ṣàlàyé fún Alice pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí portmanteau, àpótí ìrìnàjò tó ń ṣí sí abala méjì: ìtumọ̀ méjì wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè gbà pé gallop, eré ẹṣin, àti triumph, ìṣẹ́gun, ni galumph ti wá. Àwa náà ń so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ilé àti ìwé di iléèwé, fáwẹ̀lì kan péré la fi tọrẹ. Ti Carroll yàtọ̀. Ó gé ìrù ẹṣin, ó bẹ́ orí ìṣẹ́gun, ó rán ìyókù pọ̀.

Ọgbẹ́ yẹn ni ìtumọ̀ gbà jáde. Akínkanjú ló wà lọ́kàn Carroll, kì í ṣe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú triumph, orí ọ̀rọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ìrù rẹ̀. Nínú galumph, ìrù náà ni gbogbo ìwúwo já lé. Etí Gẹ̀ẹ́sì sì ti mọ ẹbí tí ìró yẹn ti wá: lump, thump, bump, hump, plump. Gbogbo wọn ló wú, tí wọ́n wúwo, tàbí tí wọ́n ń dún gbì. Ìṣẹ́gun kò lè bá irú ẹbí bẹ́ẹ̀ du ilé. Ká má sì gbàgbé pé orí abàmì ẹranko wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ta ni yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí yóò tún rìn jẹ́jẹ́?

Àwọn onímọ̀ ẹranko ti gba ọ̀rọ̀ náà fún síìlì, ẹran inú òkun tí kò lè ká lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sábẹ́ ara. Tó bá gun èbúté, àyà ló fi ń ju ara rẹ̀ síwájú, tí ọ̀rá ń mì lára rẹ̀. Ní Año Nuevo, létí òkun California, oríṣi kan wà tí wọ́n fi erin sọ lórúkọ nítorí imú akọ rẹ̀. Akọ náà lè wúwo tó 2,000 kìlógírámù. Ẹni tó bá rí i lórí iyanrìn yóò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ó lè mòòkùn ju 1,500 mítà lọ nínú omi.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sọ́dọ̀ ẹranko. Ní 1973, òǹkọ̀wé kan, Stephen Miller, fi galumphing sínú àkòrí àròkọ kan nípa eré nínú ìwé àtìgbàdégbà American Anthropologist. Ohun tó pè bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tó ń ṣeré mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tó rọrùn di líle, bí ọmọ tó lè fi ẹsẹ̀ méjì rìn ṣùgbọ́n tó yàn láti máa fi ẹsẹ̀ kan fò dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ Jabberwocky sí Yorùbá ló níṣẹ́. Yan fanda bá èrò Carroll mu, àmọ́ kò wúwo. Bàdàbàdà wúwo, àmọ́ òǹkàwé lè máa wo pẹ́pẹ́yẹ tó gbé orí ẹranko dání. Èmi yóò so wọ́n pọ̀ ni: ọmọ náà ń yan bàdàbàdà bọ̀. Àwọn olùkọ́ èdè lè bínú sí i. Carroll kò ní bínú.